Orúnkún Àyọ̀ká àti Olè Inú Yàrá Tí Kò Nílẹ̀kùn

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tó bá jókòó jìnnà, ààbọ̀ ìtàn ni yóò gbọ́, ẹni tó bá sì gbọ́ ààbọ̀ ìtàn ló máa ń rò ó kiri ìlú ju ẹni tó gbọ́ odindi lọ.

Èmi Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Ọdẹ́níran, mo ti wọ igbó mọ́kàndínlógún, mo sì ti jáde nínú ogún. Mo rí i tí ẹ̀ ń ka ìka. Ẹ má da ara yín láàmú, igbó tí mo jáde nínú rẹ̀ láìwọ̀ ọ́ ni inú ìyá mi. Irú ọdẹ tí mo jẹ́ nìyẹn. Àyọ̀ká ìyàwó mi ló jókòó ti ògiri yẹn tó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní mo lè sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ibi tí mo bá ti fi irọ́ sí i, òun yóò wúkọ́. Mo ti gbà. Ìtàn náà kúkú jẹ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ, nítorí orúnkún rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Amọ̀kòkò ni Àyọ̀ká. Ẹ̀yin tó jẹ́ abọ́ ike nìkan lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ìlú wa, ìkòkò kì í yí nígbà tí a bá ń mọ ọ́n. Yóò jókòó sójú kan, amọ̀kòkò ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yí i po, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde, títí ẹnu ìkòkò yóò fi dọ́gba. Àwọn ènìyàn rò pé ọwọ́ ló ń mọ ìkòkò. Orúnkún ni. Amọ̀kòkò tí orúnkún rẹ̀ bá kú, kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọdún kẹta tí a fẹ́ra, Àyọ̀ká lọ wa amọ̀ ní kòtò. Bó ti kúnlẹ̀, ẹ̀gún kan gún un ní orúnkún òsì. Ó fà á yọ, ó tutọ́ sí i, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ojú ọgbẹ́ náà kò tó ojú ẹyẹ ẹ̀gà. Lọ́jọ́ kẹrin, orúnkún náà wú bí ìbẹ́pẹ. Ó pọ́n, ó sì gbóná débi pé bí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ súnmọ́ ọn láìfọwọ́ kàn án, mo ń mọ ìgbóná rẹ̀ lára. Kò lè tẹ̀ ẹ́, kò lè nà án. Òtútù ń mú un nínú oòrùn ọ̀sán.

Ìyá Ìsàlẹ̀, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló kọ́kọ́ dé. Òun ni gbogbo agboolé ń pè bí nǹkan bá dun ènìyàn.

"Làkúrègbé ni," ni ó wí, kò tíì jókòó.

"Làkúrègbé kẹ̀, ìyá?" ni mo wí. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún?"

"Tirẹ̀ yá ni. Ṣé o kò rí i pé kì í sinmi?"

Ó gbé omi gbígbóná àti òrí kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ orúnkún náà bí ẹni ń fún aṣọ. Igbe tí Àyọ̀ká ké lọ́jọ́ náà, ìgalà mẹ́ta tí mo ti ń ṣọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan ló sá kúrò ní agbègbè wa.

Ẹ gbọ́ ikọ́ yẹn? Ó dára, ìgalà kan ni. Ṣùgbọ́n ó sá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orúnkún ti fi ìlọ́po méjì wú. Àyọ̀ká wò mí, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹsẹ̀ yìí bá gan, kí ni mo fẹ́ máa fi jẹun?"

Bàbá mi ti sọ fún mi rí pé, lẹ́yìn igbó méjì àti ìlú kan, iwin obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìyá Yẹ̀ẹ́wò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni oríkèé ara. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo mú ọ̀já tí ìyá rẹ̀ fún un pé kó fi pọn ọmọ, mo sì fi pọn ọmọ ìyá náà fúnra rẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọjá lẹ́bàá ibùba tí wọ́n lúgọ sí.

"Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ rẹ yìí mà ti dàgbà," ni ọ̀kan wí.

Àyọ̀ká dá a lóhùn láti ẹ̀yìn mi pé, "Ẹ ṣé o, eyín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù."

Ẹ má bi mí pé ọjọ́ mélòó ni a rìn. Ọdẹ tó bá ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀, oníṣirò ni, kì í ṣe ọdẹ. A wọ igbó kìn-ín-ní, a bọ́ sí èkejì, níbẹ̀ ni a ti bá iwin kan tó fẹ̀yìn ti igi arère. Irùngbọ̀n rẹ̀ dé ìdodo. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún nà gbọnrangidi bí ọmọ odó, ó sì fi dí ọ̀nà. Adúrógangan ni orúkọ rẹ̀.

"Ààlọ́ o," ni ó wí.

"Ààlọ̀," ni mo dáhùn, nítorí ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

"Yàrá kan wà tí kò nílẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ń forí gbárí ní gbogbo ọjọ́, wọn kì í sì í ha ara wọn lára, nítorí omi kan tó ń yọ̀ bí òróró wà láàárín wọn. Ọjọ́ tí olè bá wọlé, inú ilé kò ní gba onílé mọ́. Yàrá wo ni? Ìdáhùn mẹ́ta ni mo fún ọ. Bí o bá ṣì í, wàá dúró tì mí níbí, igba ọdún péré."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fẹ́ràn àlọ́ ju ẹran lọ. Mo fa irùngbọ̀n mi, mo ní, "Ẹyin adìyẹ ni."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ẹyin?"

Mo tún ronú. "Sàréè ni."

"Ta ló ń da òróró sínú sàréè?"

Mo ti la ẹnu lẹ́ẹ̀kẹta, mo fẹ́ sọ pé orógbó ni, nígbà tí Àyọ̀ká gbá mi létí. Gbígbá náà kò le.

Ẹ gbọ́ ikọ́. Ó le.

"Orúnkún ni," ni Àyọ̀ká wí fún iwin náà. "Egungun itan ni ẹ̀gbọ́n, egungun ojúgun ni àbúrò. Mo mọ̀ nítorí pé olè náà wà nínú tèmi lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí."

Adúrógangan mí kanlẹ̀. Ó bojú wo orúnkún náà, kò fọwọ́ kàn án. "Ọjọ́ kelòó?"

"Ọjọ́ kẹfà," ni mo wí.

"Ẹ yára nígbà náà. Kòkòrò tí ojú kò rí ni olè náà. Tiyín gba ojú ẹ̀gún wọlé. Eyín tó kẹ̀ ni tèmi ti wá, ó ba ẹ̀jẹ̀ rìn, ó sì yà sí orúnkún bí àlejò tó rí ilé tó wù ú. Àkókò iṣu gbígbìn ni, mo ní ìtọ́jú rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lá omi inú yàrá náà, ó jẹ eegun rírọ̀ tó bo orí ẹ̀gbọ́n àti orí àbúrò. Nígbà tí kò sí nǹkan láàárín wọn mọ́, àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, wọ́n di egungun kan. Èmi nìyí. Lórí ìdúró ni mo ti ń jẹ iyán. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀ fún àna mi, wọ́n ní ìgbéraga ni. Igba ọdún rèé tí wọn kò bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Àyọ̀ká wí.

"Kì í ṣe àkókò pẹ̀lẹ́. Ẹ máa lọ." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lọ́nà bí ẹni gbé ìtì igi.

Ìlú tí a kàn lẹ́yìn igbó náà ń jẹ́ Bóyá. Bí o bá bi wọ́n pé ṣé ojú ọ̀run ti ṣú, wọ́n á ní bóyá. Bí o bá bèèrè orúkọ bàbá wọn, wọn á kọ́kọ́ wo ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti oògùn títà, kò sí ẹni tó mọ̀ tó wọn. Mẹ́ta nínú wọn yí wa ká. Ọ̀kan gbé ẹ̀kún agbè àgúnmu pupa dání, ọ̀kan gbé funfun, ọ̀kan gbé dúdú.

"Èyí pa olè orúnkún," ni onípupa wí.

"Tèmi ti pa á kí tirẹ̀ tó jí," ni onífunfun wí.

Onídúdú ti ń bu tirẹ̀ sínú ewé fún mi. Ọ̀rùn ti ń ro mí, ẹ̀yìn ti ń dùn mí, ooru ibà Àyọ̀ká sì ti ń jó mi lẹ́yìn bí ẹ̀yinná. Mo na ọwọ́, mo fẹ́ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n pò wọ́n pọ̀.

"Ọkọ mi," ni Àyọ̀ká wí jẹ́ẹ́, "bí ewé bá mì nínú igbó, ṣé ẹ máa ń yìnbọn sí i?"

"Rárá o. Ẹni tó bá yìnbọn sí ewé tó mì, ọmọ ẹlòmíràn ló máa pa. A gbọ́dọ̀ rí ẹran ná."

"Ẹran tó wà nínú orúnkún mi, ẹ ti rí i?"

Ọwọ́ mi padà fúnra rẹ̀. Mo kọjú sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ẹni kan tí ó ti wò sàn hàn mí, kó jẹ́ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Onípupa ní bóyá ó wà lóko. Onífunfun ní bóyá ó ti kó lọ. Onídúdú, ẹni tó ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọdẹ," ni ó wí, "oògùn gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n irú olè kọ̀ọ̀kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń pa, a kò sì mọ irú èyí tó wà níbẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Yẹ̀ẹ́wò. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Yẹ̀ẹ́wò kúrú, kò ga ju orúnkún mi lọ, bóyá nítorí rẹ̀ ló ṣe mọ orúnkún. Ojú kan ló ní, ó fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò. Kò kí wa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé orúnkún kan ni tàbí méjì? Kí ló gún un? Ṣé ara ń gbóná? Ta ló fọwọ́ wọ́ ọ?

"Àbúrò bàbá mi ni," ni mo wí. "Ó ní làkúrègbé ni."

"Làkúrègbé a máa rọra wọlé, á mú oríkèé púpọ̀, á sì bá ènìyàn gbé fún ọdún. Èyí tó bá já wọlé lójijì sí oríkèé kan, tó gbóná, tó wú, tí ibà sì bá a wá, olè ni títí a ó fi rí i pé kì í ṣe olè. Ẹni tó bá ń wọ́ ọ, ó ń bá olè tẹ́ ẹní ni. Gbé e kalẹ̀."

Ó mú abẹ́rẹ́ gígùn kan jáde láti inú omi tó ń hó. Èmi tí mo ti wo kìnnìún lójú, nígbà tí mo rí abẹ́rẹ́ yẹn, mo kàn bá ara mi nílẹ̀ ni.

Kò sí kìnnìún, ni Àyọ̀ká wí. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo bá ara mi nílẹ̀.

Nígbà tí mo jí, Àyọ̀ká ń fi ọmọrí fẹ́ atẹ́gùn sí mi, òun aláìsàn. Omi orúnkún rẹ̀ wà nínú àwo kékeré kan. Ìyá Yẹ̀ẹ́wò ní kí n wò ó. "Omi oríkèé tó dára a máa mọ́ bí omi inú ẹyin, a sì máa fà. Wo èyí." Ó dà bí omi ògì tó ti kan. Ìyá náà fi díẹ̀ ra àpáàdì, ó gbé ojú ńlá rẹ̀ lé e lórí. "Mo rí wọn. Wọ́n ṣù jọ bí ẹyìn lójú ìdì. Mo mọ ìdílé wọn báyìí, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ọmọ tó wá nínú ìdílé náà." Ó de ìyókù mọ́ inú ìkòkò, ó ní lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọn yóò ti pọ̀ tó láti dán oògùn wò lára wọn.

"Ọjọ́ méjì, ìyá?" ni mo wí. "Ká máa wò ó bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ajá mélòó lo ní, ọdẹ?"

"Mẹ́rin."

"Bí o kò bá tíì mọ ẹran tó wà nínú igbó, èwo lo máa tú sílẹ̀?"

"Gbogbo wọn."

"Lónìí, a ó tú gbogbo wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí a bá mọ orúkọ ẹran, a ó pe àwọn yòókù padà, a ó fi ọ̀kan tó mọ ilé rẹ̀ sílẹ̀."

Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Ó fi oríṣiríṣi oògùn sínú ẹ̀jẹ̀ Àyọ̀ká, ó ṣí ojú ihò kékeré sí orúnkún náà, ó sì ń da omi iyọ̀ sínú rẹ̀, ó ń fà á jáde, bí a ti í ṣan ìkòkò tí epo ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, títí omi náà fi mọ́. Lọ́jọ́ kẹta ó mọ orúkọ olè. Nígbà tí ibà ti lọ, tí wíwú ti rọlẹ̀, ó ka hóró oògùn méjìlélógójì sínú ado, hóró kan fún òòjọ́ kan.

"Ẹ gbọ́," ni ó wí. "Ìrora yóò tán kí hóró tó tán. Olè tí ẹ kò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́ kò tíì kú. Ẹ má fo ọjọ́ kan. Kí o sì máa tẹ orúnkún rẹ, ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, kó má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀."

Ibi tí ìtàn yìí kò ti wú mi lórí ló kù báyìí. Ẹ má wò mí lójú.

A délé. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oògùn náà, Àyọ̀ká ti ń fi ọ̀pá rìn. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún ó ju ọ̀pá nù, ó lọ sí ebu, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, lọ wo àwọn ìkòkò rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ ọdẹ wá kí mi káàbọ̀, Àjàgbé Olúọdẹ ló ṣáájú wọn. Ẹ mọ àṣà wa. Ohunkóhun tí ọdẹ bá gbé ti inú igbó bọ̀, kò gbọdọ̀ dá a jẹ. Igẹ̀ ẹran jẹ́ ti Olúọdẹ, ìyókù a máa kárí. Ẹni tó bá rú òfin yìí, wọ́n á yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, kò ní wọ igbó wa mọ́.

"A gbọ́ pé o gbé oògùn bọ̀ láti igbó àwọn iwin," ni Olúọdẹ wí. "A kò rí ìpín tiwa."

"Bàbá, ti orúnkún ìyàwó mi ni."

"Ara ìyàwó rẹ ti yá, a pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀yìn ń dun èmi."

"Eyín mi ń ro mí," ni ẹlòmíràn wí.

"Èmi kò ní nǹkan kan," ni ẹnì kẹta wí, "ṣùgbọ́n mo lè ní in lọ́la."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo gbé ado jáde. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù nínú rẹ̀. Mo kó mẹ́jọ fún Olúọdẹ nítorí igẹ̀, mo pín ìyókù, mo fi hóró mẹ́ta pa mọ́ fún Àyọ̀ká. Inú mi sì dùn. Mo rò pé mo ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe.

Nígbà tí Àyọ̀ká dé, ó gbọn ado náà, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì jókòó. Kò bú mi. Ó bèèrè pé, "Ṣé ẹ bi mí léèrè?" Mo ní rárá.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí orúnkún náà tún gbóná.

Mo tún pọ̀n ọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, Àyọ̀ká náà kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Adúrógangan rí wa lókèèrè, ó ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò pa àlọ́. Ní Bóyá, wọn kò na nǹkan kan sí wa. Ìyá Yẹ̀ẹ́wò fa omi, ó gbé ojú rẹ̀ lé e, ó sì bi mí pé, "Ọdẹ, ẹran tí o ta tí kò kú ńkọ́?"

"Òun ló burú jù, ìyá. Ó ti gbọ́ ìró ìbọn, ó mọ òórùn mi, ó sì ń bínú."

"Ó dára tí o mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀lẹ inú wọn lo pa. Àwọn tó kù ti mọ ohùn ajá rẹ."

Ó tún ṣan orúnkún náà, lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn mìíràn ló lò, èyí tó korò tó ń mú kí Àyọ̀ká máa bì. Nígbà tó parí, ó ka hóró méjìlélógójì mìíràn, ṣùgbọ́n kò kó wọn fún mi. Ó mú ado náà dání.

"Èyí ni ìkẹyìn tí mo ní fún irú olè yìí," ni ó wí. "Olè ti ń jẹ egungun náà díẹ̀. Bí ó bá padà lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ gbọnrangidi ni. Nítorí náà, dá mi lóhùn kí o tó gbà á: bí wọ́n bá tún na ọwọ́, kí lo máa sọ?"

Èmi tí mo fẹ́ràn àlọ́ ju ẹran lọ, mi ò rí ìdáhùn. Bí mo bá ní n kò ní fún wọn, wọ́n á lé mi kúrò nínú igbó. Bí mo bá fún wọn, iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi lọ nìyẹn. Mo wo Àyọ̀ká pé kó gbà mí, bó ti máa ń gbà mí.

"Mi ò ní dá eléyìí lóhùn fún yín," ni ó wí.

Mo ní kí ìyá fún mi ní àyè láti ronú. Ó fi ado náà fún Àyọ̀ká. "Máa ronú lọ sílé," ni ó wí fún mi.

Ọjọ́ kejì tí a dé, wọ́n dé. Olúọdẹ jókòó, ó na àpò rẹ̀ sílẹ̀. Àyọ̀ká wà lórí ẹní, ado wà lábẹ́ itan rẹ̀, ó ń wò mí.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá ta ẹfọ̀n, tó ṣubú, tó ṣì ń mí, ṣé a lè máa pín in?"

"Ta ló ń pín ẹran tó ń mí? Ẹni tó bá gbé ọ̀bẹ súnmọ́ ọn, yóò kàn án pa."

"Àwa la ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹran inú orúnkún yìí kò tíì kú, mo jókòó pín in fún yín, ó dìde. Ẹ wo ohun tó ṣe." Mo ṣí aṣọ kúrò lórí orúnkún náà. "Òfin kò ní kí n má pín, bàbá. Òfin ní kí ẹran kú ná."

Olúọdẹ wo orúnkún náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká àpò rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

"Ẹ̀yìn mi kò tilẹ̀ sàn," ni ó wí. Ó kọjú sí Àyọ̀ká. "Ìyàwó wa, ọjọ́ wo ni ẹran yìí yóò kú?"

"Ọjọ́ kejìlélógójì, bàbá."

"Nígbà náà, a ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọdẹ. Ọdẹ kì í sì í fi ẹnì kejì sílẹ̀ sẹ́yìn ẹran tó fara gbọgbẹ́."

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti yọ, ọdẹ kan yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa títí Àyọ̀ká yóò fi gbé hóró mì. Ẹni tó sọ pé òun lè ní àìsàn lọ́la ni ó ń di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú nígbà tó bá ń tẹ orúnkún, ó ń kà, "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ má ṣojo," Àyọ̀ká sì ń ṣépè fún un, ó ń dáhùn àmín. Ìyá Ìsàlẹ̀ wá, ó bèèrè bóyá kí òun wọ́ ọ díẹ̀. Olúọdẹ ní kó wá wọ́ ẹ̀yìn òun dípò rẹ̀. Nígbà tó wọ́ ọ tán, Olúọdẹ kò lè dìde fún wákàtí kan.

Lọ́jọ́ kejìlélógójì, gbogbo ẹgbẹ́ pé. Àyọ̀ká gbé hóró ìkẹyìn mì. Ó gbé amọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn yí i po. Nígbà tó dé ìdajì, orúnkún náà dúró. Mo fẹ́ sáré lọ dì í mú, Olúọdẹ fa ẹ̀wù mi. Àyọ̀ká dúró, ó mí, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ síta díẹ̀, ó sì yí ìyókù pé. Ó tún yí i. Ní ìgbà keje, ẹnu ìkòkò dọ́gba.

Ṣùgbọ́n kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Títí di òní yìí, orúnkún náà kò tẹ̀ dópin. Hóró méjìlélógún tí mo pín ló fa èyí, mi ò ní tìtorí pé ẹ wà níbí kí n sọ ọ́ bí òmíràn.

Olúọdẹ nu ojú rẹ̀, ó wúkọ́ bí àgbà. "Ìyàwó wa, a dúpẹ́. Ẹran ti kú wàyí. Àṣà ni àṣà ń jẹ́. Ìpín wa dà?"

Mo rò pé yóò bínú. Àyọ̀ká wọ inú ilé lọ, ó kó àwọn agbọ̀n tí a fi ń ru amọ̀ jáde, wọ́n ṣófo. Ó to wọn síwájú àwọn ọdẹ, ọ̀kan sí iwájú ẹnì kan. "Mi ò lè kúnlẹ̀ sínú kòtò amọ̀ mọ́," ni ó wí. "Ẹ̀yin tẹ jẹ hóró mi ní orúnkún tó pé. Ìpín yín nìyí. Bí ẹ bá kún un, ẹ gbé e wá."

Wọ́n wo agbọ̀n, wọ́n wo Olúọdẹ. Olúọdẹ bojú wo agbọ̀n tó wà níwájú rẹ̀, ó sì rí i pé ó tóbi ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

"Èéṣe tí tèmi fi tó báyìí?"

"Igẹ̀ ni, bàbá," ni Àyọ̀ká wí.

Ó gbé e.

Ẹnu mi ti dé ibi tí ẹsẹ̀ mi dé. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ rìn ín, kí Elédùmarè sì bá wa ṣọ́ àwọn oríkèé tí a ó fi rìn.